Bí A Ti Kọ Ìwé Treasure Island

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé Treasure Island, ìtàn ọmọdékùnrin kan, Jim Hawkins, tí ó bá ọkọ̀ lọ wá ìṣúra tí àwọn olè ojú omi rì mọ́lẹ̀, yóò rò pé etí òkun ni òǹkọ̀wé rẹ̀ jókòó sí nígbà tí ó ń kọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Braemar ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìletò kan láàrin àwọn òkè Skọ́tlándì, níbi tí ojú kò ti lè tó òkun rárá. Ó yẹ nígbà náà kí a béèrè ibi tí òkun inú ìwé náà ti wá.

Edinburgh ni a bí Robert Louis Stevenson sí ní ọdún 1850. Òun nìkan ṣoṣo ni àwọn òbí rẹ̀ bí, ara rẹ̀ kò sì le láti kékeré. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni kíkọ́ ilé gíga oníná tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà lóru. Bàbá rẹ̀ àgbà ni ó darí kíkọ́ èyí tí ó wà lórí Bell Rock, àpáta tí òkun ń bò mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní ọdún 1811 ni a tan iná rẹ̀. Thomas, bàbá rẹ̀, kò kúrò nínú iṣẹ́ yìí, ó sì ń retí pé ọmọ òun yóò gbà á lọ́wọ́ òun.

Nígbà ìsinmi, bí ìṣe àwọn Òyìnbó, ìdílé náà a máa lọ sí etí òkun ní North Berwick. Níbẹ̀ ni Louis àti àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe eré kan tí ó kọ nípa rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, olúkúlùkù wọn a so fìtílà onípáànù mọ́ ìgbànú rẹ̀, a sì fi ẹ̀wù bò ó pátápátá. Iná náà kò tànmọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, páànù gbígbóná sì ń rùn, ṣùgbọ́n inú ọmọ náà a máa dùn nítorí pé òun mọ̀ pé iná ń bẹ lábẹ́ ẹ̀wù òun. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti rí ọmọ tí ó ń rẹ́rìn-ín nìkan ní ìsàlẹ̀ kíláàsì, ẹ ó mọ ohun tí à ń wí. Láti etíkun yìí ni a ti ń rí àwọn erékùṣù bíi Fidra àti Bass Rock. Àwọn kan ní Fidra ni erékùṣù ìṣúra náà gan-an, àbá lásán sì lè ni. Ṣùgbọ́n ti Bass dájú, nítorí pé orí rẹ̀ ni Stevenson fi David Balfour sí ní ìgbèkùn nínú ìwé rẹ̀ Catriona, ti ọdún 1893.

Ní ọdún 1871 ni ọmọ sọ fún bàbá pé òun kò ní í ṣe iṣẹ́ ìdílé, ìwé ni òun fẹ́ máa kọ. Ó dun bàbá náà púpọ̀. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ òfin parí ọ̀rọ̀, Louis sì di amòfin ní ọdún 1875, ṣùgbọ́n kò fi í jẹun. Nígbà tí ó fi di ọdún 1881, ó ti ní aya, àìsàn kò sì fi í sílẹ̀. Ó ti dáwọ́ lé ìtàn gígùn lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì parí ọ̀kan. Bàbá yìí kan náà ni ó ṣì ń ràn án lọ́wọ́.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni gbogbo wọn lọ sí Braemar, òjò sì sé wọn mọ́lé. Lloyd, ọmọ ọdún 13 tí aya rẹ̀ bí fún ọkọ àkọ́kọ́, ń fi ọ̀dà ya àwòrán. Stevenson bá a jókòó, àwòrán erékùṣù kan sì jáde, pẹ̀lú òkè, èbúté àti àmì ibi tí ìṣúra wà. Stevenson sọ pé òun ni òun yà á. Lloyd sọ lẹ́yìn náà pé òun ni òun bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwa kò ní dá ẹjọ́ náà. Bí Stevenson ti ń wo àwòrán yìí ni ó ń rí àwọn ènìyàn tí ń yọ láàrin igi rẹ̀. Orí kan ni ó ń kọ lóòjọ́, a sì kà á fún ará ilé.

Ọmọdé nìkan kọ́ ni ó ń gbọ́ ọ. Thomas, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di òǹkọ̀wé, di ọmọdé lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ó kan àpótí Billy Bones, ó jókòó fún ìgbà pípẹ́, ó to gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sí ẹ̀yìn àpòòwé kan, ọmọ rẹ̀ sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun náà ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí orúkọ ọkọ̀ Flint jẹ́ Walrus. Òkun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ní èdè-àìyedè ni àwọn méjèèjì jùmọ̀ ń wọ̀ yìí.

Lẹ́yìn orí kẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu òǹkọ̀wé. Ó di Davos ní Switzerland, níbi tí ó lọ nítorí àìlera rẹ̀, kí ó tó parí rẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé kan, Young Folks, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Òkútóbà 1881; àwọn ènìyàn kò kà á sí púpọ̀. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1883 ni ó jáde ní odindi ìwé, òkìkí rẹ̀ sì kàn.

Ṣùgbọ́n àwòrán Braemar kò dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ó sọnù lọ́nà. Ó di dandan kí Stevenson tún ìwé tirẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó kọ gbogbo ibi tí ó dárúkọ sílẹ̀, kí a sì ya òmíràn tí yóò bá a mu. Ó ní òun kò lè ka èyí sí Treasure Island láéláé. Ọ́fíìsì bàbá rẹ̀ ní Edinburgh, níbi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ ilé oníná, ni a ti yà á. Thomas mọ bí a ti í yí ọwọ́ ìkọ̀wé padà. Òun ni ó jókòó, tí ó sì fara balẹ̀ fọwọ́ sí i ní orúkọ Ọ̀gágun Flint.