ỌYẸ́, Ọ̀FÌNKÌN ÀTI ÌMỌ̀RÀN ÀWỌN BABA WA NÍ ZARIA

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá gbé là á ṣe. Àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ dé ìhín ṣe ti ìhín: wọ́n jẹ tuwo, wọ́n gbọ́ Hausa, wọ́n sì kọ́ bí a ti í bá ọyẹ́ gbé. Ohun tí wọ́n kọ́ nípa ọ̀fìnkìn, àti èyí tó yẹ kí a dì mú nínú rẹ̀, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́dún yìí.

BÍ WỌ́N ṢE BÁ ỌYẸ́ PÀDÉ

Ojú irin ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. Iṣẹ́ ojú irin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó fi di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó lọ dé Kano, ó sì ń gba Zaria kọjá. Akọ̀wé, télọ̀, káfíńtà àti oníṣòwò láti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti ìlú mìíràn sọ̀kalẹ̀ níbí, púpọ̀ wọn sì tẹ̀dó sí Sabon Gari. Bí ìgboro ti ń fẹ̀ sí i ni àwọn ọmọ wọn ń tàn ká.

Ọyẹ́ tí wọ́n bá níhìn-ín yàtọ̀ sí ti ilé. Zaria ga ju ìpele òkun lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,100. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, atẹ́gùn gbígbẹ ń ti aṣálẹ̀ Sahara wá, ó sì ń gbé eruku lọ́wọ́. Ètè á bó, gìgísẹ̀ á là, ihò imú á gbẹ. Hunturu ni àwọn Hausa ń pe ìgbà náà, wọ́n sì ń pe ọ̀fìnkìn ní mura.

LÚKÚLÚKÚ ỌDÚN 1918

Bí àwọn àgbà ṣe ń bẹ̀rù ọ̀fìnkìn kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Bida ti Gold Coast gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àwọn tí influenza ti mú. Lúkúlúkú ni àwọn Yorùbá pè é. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń wọ ilé dé ilé láti wá aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá kúrò nílùú. Ojú irin tó gbé àwọn baba wa wá náà ló gbé àrùn yìí wọ Òkè Ọya. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ló kú ní Nàìjíríà láàrin oṣù díẹ̀, nígbà tí gbogbo ará ilẹ̀ wa kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 18 lọ. Ìran tó rí ikọ́ àti òtútù tó di òkú kò lè fi ọ̀fìnkìn ṣeré.

OHUN TÍ WỌ́N MÁA Ń SỌ

Ìmọ̀ràn wọn kò ṣòro. Má fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù ní ìdájí. Má wẹ̀ kí oòrùn tó yọ, má sì ti ibi ìwẹ̀ bọ́ sínú atẹ́gùn. Bo orí àti àyà ọmọdé. Fi òrí ra ihò imú kí o tó sùn. Mu ẹ̀kọ gbígbóná tàbí omi atalẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa yìí kúkú wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbin atalẹ̀ jù ní Nàìjíríà. Má bá ẹni tó ń sín mu omi nínú ife kan náà. Bí òtútù bá pọ̀ jù, gbé iná èédú wọ yàrá kí o sì ti ilẹ̀kùn.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ? Ní 1946, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó ìwádìí ọ̀fìnkìn sílẹ̀ ní Salisbury. Wọ́n fi omi rin àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì mú wọn dúró nínú atẹ́gùn tútù, ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ mú wọn ju àwọn yòókù lọ. Kòkòrò àrùn tí a ń kó lára ẹlòmíràn ló ń fà á. Ọ̀rọ̀ ife yẹn tọ̀nà nìyẹn, àrùn COVID-19 ọdún 2020 sì tún rán gbogbo wa létí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cardiff ní kí 90 ènìyàn ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù fún ìṣẹ́jú 20. Àwọn 90 mìíràn kò ki ẹsẹ̀ bọ omi. Láàrin ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, 13 nínú àwọn ti àkọ́kọ́ ní ọ̀fìnkìn mú àwọn, márùn-ún péré nínú àwọn kejì. Àwọn olùwádìí náà rò pé òtútù ẹsẹ̀ ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí imú kù, kòkòrò tó ti fara pamọ́ síbẹ̀ á wá ráyè. Ní ti òrí, A. Tella tẹ ìwádìí jáde ní 1979 pé ó máa ń la imú tó dí.

ÈYÍ TÓ YẸ KÍ A JÙ SÍLẸ̀

Ti iná èédú ni kí a fi sílẹ̀ pátápátá. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí a tì pa ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, ó sì lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun. Aṣọ ìbora méjì sàn ju èédú lọ.

Èkejì ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó mú ni lásìkò ọyẹ́ ni òtútù. Ìgbà gbígbẹ yìí náà ni sankarau, àrùn tí ń mú ọrùn gan, máa ń jà ní ìhà tiwa. Ní 1996, ó mú ènìyàn tó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, ó sì pa ju 10,000 lọ. Bí ara ọmọ bá gbóná, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì, tí ọrùn rẹ̀ kò sì ṣeé tẹ̀ síwájú, kí a má fi òrí àti àgbo fi àkókò ṣòfò. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ní 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ àjẹsára Men5CV fún àrùn yìí. Bí wọ́n bá gbé e dé àdúgbò, ẹ kó àwọn ọmọ jáde.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ìmọ̀ràn yìí fún àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín, kí ẹ sì sọ èyí tó léwu nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọyẹ́ ọdún yìí kò ní gbé wa lọ. Àmọ́dún, a ó tún jùmọ̀ pàdé láyọ̀.