Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Nínú Òfin Oyún Ṣíṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1960 pàṣẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀daràn àfi bí ẹ̀ṣẹ̀ náà àti ìjìyà rẹ̀ bá wà nínú òfin tí a kọ sílẹ̀. Ti ọdún 1999 sì tún un sọ. Àṣẹ yìí ni ilé-ẹjọ́ gíga kan tẹ̀ lé ní ọdún 1961, tí ó fi fagi lé ẹ̀bi panṣágà tí a dá obìnrin kan.

Ṣùgbọ́n kí a kọ òfin sílẹ̀ ọ̀tọ̀, kí ó yé ẹni tí yóò pa á mọ́ ọ̀tọ̀. Òfin oyún ṣíṣẹ́ jẹ́ ẹ̀rí èyí. Ìwé òfin ọ̀daràn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ fún Nàìjíríà ní ọdún 1916 sọ pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti ṣẹ́ oyún obìnrin ní ọ̀nà tí kò bófin mu yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14. Obìnrin tí ó bá gbìyànjú rẹ̀ lára ara rẹ̀, ọdún 7. Ọ̀nà wo ni ó wá bófin mu? Abala náà kò sọ ọ́. Ibòmíràn nínú ìwé kan náà ni a ti kà pé oníṣẹ́ abẹ tí ó fi òtítọ́ inú ṣiṣẹ́ láti gba ẹ̀mí ìyá là kò jẹ̀bi.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà wà nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1861. Ní ọdún 1938, dókítà Aleck Bourne ṣẹ́ oyún ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 kan tí àwọn ọmọ-ogun fipá bá lò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá mọ̀, kí ilé-ẹjọ́ lè túmọ̀ òfin náà. Adájọ́ Macnaghten sọ fún ìgbìmọ̀ júrì pé bí oyún yóò bá ba ara tàbí ọkàn obìnrin jẹ́ pátápátá, dókítà tí ó dá a dúró lè wí pé ẹ̀mí ni òun gbà là. Wọ́n dá Bourne sílẹ̀. Ní ọdún náà gan-an, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tẹ̀ lé ìtumọ̀ yìí nínú ẹjọ́ Edgal. Báyìí ni dókítà ní Kàlàbá ṣe ní láti wo ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó mọ ibi tí òfin tirẹ̀ dé.

Ìpínlẹ̀ Àríwá gba òfin mìíràn ní ọdún 1960, tí ó sọ ọ́ láìfi bò: àfi láti gba ẹ̀mí obìnrin là. Ọ̀nà náà há, ṣùgbọ́n ààlà rẹ̀ hàn. Gánà ní tirẹ̀ la ọ̀nà tí ó gbòòrò ní ọdún 1985. Ó dárúkọ ìfipábánilò, oyún láàárín ìbátan, ewu sí ẹ̀mí tàbí ìlera ìyá, àti àbùkù ńlá lára ọmọ inú. Ó sì sọ irú dókítà àti ilé ìwòsàn tí ó lè ṣe é.

Èrò ènìyàn lè yàtọ̀ lórí bí ọ̀nà náà ti yẹ kó gbòòrò tó. Ṣùgbọ́n dókítà tí òfin kò yé a máa sá fún ohun tí òfin gbà á láyè láti ṣe, obìnrin tí ó ń kú lọ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹni tí yóò fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 dẹ́rù ba ará ìlú, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi ààlà hàn wọ́n.