Ìjàpá Tó Ń Gbọ́ Àṣẹ: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kò Ṣeé Kọ́

Bí a bá gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ọ́tísíìmù ní kọ̀ǹpútà, tàbí pé wọ́n ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa dáná, kí wọ́n máa ná owó, kí wọ́n sì máa dá wọ ọkọ̀, ó máa ń ṣe wá bíi pé àná ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì dé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìtàn náà ti lé ní 50 ọdún, ohun tó sì ń kọ́ wa ni pé kí ẹ̀rọ tó wúlò fún ọmọ, èrò àwọn àgbà nípa ọmọ náà ló ní láti kọ́kọ́ yí padà.

Lọ́dún 1943, dókítà Leo Kanner ní Baltimore, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ìṣe wọn jọra. Wọn kì í fẹ́ kí nǹkan yí padà, wọn kì í sì í sábà dá sí àwọn tó wà láyìíká wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀bi ru àwọn òbí, pàápàá ìyá. Bruno Bettelheim ti Chicago wà lára àwọn tó tan èrò yìí ká jù, nínú ìwé The Empty Fortress tó jáde ní 1967. Àwa náà mọ irú ẹjọ́ yìí. Bí ọmọ bá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ládùúgbò wa, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń bi pé ṣé kò rìn nínú oòrùn ọ̀sán nígbà tó lóyún. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìyá ni àrùn, gbígba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni oògùn. Ta ni yóò wá ronú àtikọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì?

Eric Schopler wà lára àwọn tó ronú rẹ̀. Jámánì ni wọ́n bí i sí. Júù ni ìdílé rẹ̀, wọ́n sì sá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1938. Chicago yẹn náà ló ti kàwé, ṣùgbọ́n kò gba ohun tí Bettelheim wí. Ní 1966, òun àti Robert Reichler bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, wọ́n sì sọ àwọn òbí di olùkọ́ pẹ̀lú wọn. Ní 1972, ìpínlẹ̀ náà sọ iṣẹ́ wọn di ètò ìjọba. TEACCH ni wọ́n pè é.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Àwọn àwòrán tò tẹ̀léra lára ògiri, wọ́n ń fi iṣẹ́ ọjọ́ náà hàn. Iṣẹ́ wà lápá òsì tábìlì. Bí ọmọ bá ṣe é tán, yóò kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ọmọ ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe, bó ṣe pọ̀ tó, ìgbà tó máa parí, àti ohun tó kàn. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní aṣọ wíwọ̀, eyín fífọ̀ àti oúnjẹ sísè.

Lásìkò yẹn náà, àwọn mìíràn ń ronú nípa kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọdé. Seymour Papert, tí wọ́n bí sí Pretoria ní South Africa, pẹ̀lú Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon, ṣe èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Logo ní 1967, nítòsí Boston. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan tó ń rìn nílẹ̀, tó ń ya ìlà bó ṣe ń lọ. Ìjàpá ni wọ́n ń pè é. Ìjàpá tiwọn yìí kò gbọ́n ẹ̀wẹ́ bíi tiwa o. Àṣẹ tí o bá pa fún un náà ló ń tẹ̀ lé, ìbáà jẹ́ nígbà 100.

Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wúlò. Ní 1976, Sylvia Weir àti Ricky Emanuel ti Yunifásítì Edinburgh, ní Scotland, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin kan tó ní ọ́tísíìmù, tí wọ́n fún ní Ìjàpá darí. Ó ń tẹ bọ́tìnnì, Ìjàpá ń lọ, ó ń yí, ó ń ya ìlà. Bó ṣe ń darí rẹ̀ ni òun náà túbọ̀ ń bá àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn èèyàn a máa yí, ojú rẹ̀ náà a máa yí. Ìjàpá kì í yí. Ọmọ yìí ló ń pàṣẹ, ó sì ti rí nǹkan tó fẹ́ sọ fún ẹlòmíràn.

Papert kọ ìwé Mindstorms ní 1980. Ilé iṣẹ́ Lego fi orúkọ ìwé náà sọ rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n gbé jáde ní 1998. Ní 2004, Thorkil Sonne, tí ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, dá ilé iṣẹ́ Specialisterne sílẹ̀ ní Denmark, láti máa gba àwọn tó ní ọ́tísíìmù síṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Dípò kí wọ́n gbé ìbéèrè ka ẹni tó ń wáṣẹ́ lójú, wọ́n máa ń gbé rọ́bọ́ọ̀tì Lego yẹn fún un, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ohun tó mọ̀ hàn. Ọmọ-ọmọ Ìjàpá ti di ẹni tó ń báni wáṣẹ́.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1977 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún irú ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó fún ẹni tó ní àìpé ara tàbí ti ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, ọ̀dọ̀ wa ní yunifásítì ló ń bọ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti wà láàárín wa, tí wọn kò sọ.

Kò dìgbà tí a bá ra rọ́bọ́ọ̀tì. Bí kíláàsì bá máa yí ibi padà, kí aṣojú kíláàsì kọ ọ́ síta láti ọjọ́ tó ṣáájú, dípò kó pariwo rẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú 5. Ní láàbù, kí ìgbésẹ̀ iṣẹ́ wà lára ògiri, pẹ̀lú àwòrán. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, bí ọmọ yàrá wa kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń lọ sí báńkì, kí a bá a lọ lẹ́ẹ̀kan, kí a kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kó sì dá lọ lẹ́ẹ̀kejì.