Igi Tí A Gé àti Kòkòrò Tí A Kà ní Erékùṣù Borneo

Iye ẹ̀yà kòkòrò tí àwọn onímọ̀ bá sọ pé ó wà ní erékùṣù kan kò ju iye tí ọwọ́ àwọn tó ń kà wọ́n tó lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yà nínú ẹ̀kọ́ yìí ni àkójọ ẹ̀dá tí akọ àti abo wọn lè gun ara wọn, kí wọ́n sì bí ọmọ tí òun náà yóò lè bímọ, nítorí náà kòkòrò méjì lè jọra bí ìbejì kí wọ́n má sì jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Borneo, erékùṣù kẹta tó tóbi jù lọ láyé, tí ìlà agbedeméjì ayé là kọjá, ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń gé igbó lulẹ̀ ni ìkàyé kòkòrò tó lókìkí jù lọ níbẹ̀ ti wáyé.

Alfred Russel Wallace, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń fi òkú ẹyẹ àti kòkòrò tí ó ń tà sí Lọ́ńdọ̀nù jẹun, gúnlẹ̀ sí Sarawak ní Borneo ní oṣù kọkànlá ọdún 1854. Àwọn kòkòrò tí ìyẹ́ òde wọn le bí èèpo, ìran tí ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn wà nínú rẹ̀, tí a ó máa pè ní kòkòrò eléèpo níhìn-ín, ni ó gbájú mọ́ jù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ̀yà 320 péré ni ó rí kó jọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1855 ó kó lọ sí Simunjon, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí iye náà fi di ìlọ́po méjì. Ọjọ́ kan wà tí ó mú ẹ̀yà 76 níbẹ̀, tí 34 nínú wọn kò tí ì kàn án lọ́wọ́ rí, nígbà tí oṣù kẹrin yóò sì fi parí, ẹ̀yà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lé ní 1,000. Láti ìgbà náà ni tuntun ti ń wọ́n díẹ̀díẹ̀. Nínú nǹkan bí 2,000 ẹ̀yà kòkòrò eléèpo tí ó kó ní Borneo, bí a bá yọ nǹkan bí 100 kúrò, gbogbo ìyókù ni ó rí ní Simunjon, lórí ilẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju máìlì kan níbùú àti máìlì kan lóròó lọ.

Kì í ṣe igbó Simunjon fúnra rẹ̀ nìkan ni ó fa èyí. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn ará Ṣáínà àti àwọn Dayak onílẹ̀, tí wọ́n tó 20 sí 50, ni wọ́n ń ṣán igbó náà, tí wọ́n ń la ọ̀nà ojú irin gba inú rẹ̀ lọ sí odò Sadong, tí àwọn mìíràn sì ń la pákó nínú kòtò. Igi ńláńlá sùn sílẹ̀ káàkiri, èèpo wọn ń bó, oje wọn ń rùn nínú oòrùn. Ẹni tó bá ti gé ọ̀pẹ sílẹ̀ nínú oko rí mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e: kì í pẹ́ tí kòkòrò ẹlẹ́nu-gígùn yóò fi wá yé ẹyin sínú rẹ̀, tí ẹyin náà yóò sì di ìtun. Ìran kòkòrò ẹlẹ́nu-gígùn yìí àti ìran oníwo-gígùn, tí àwọn méjèèjì ń jẹ igi, ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí Wallace kó. Oníwo-gígùn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 ẹ̀yà, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ni ẹ̀kọ́ ìmọ̀ kò sì tí ì mọ̀ rí. Wallace kò fi ipa tí igi gígé kó pa mọ́ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1869.

Ó sọ níbẹ̀ pẹ̀lú pé sẹ́ǹtì kan ni òun ń san fún kòkòrò kọ̀ọ̀kan tí àwọn òṣìṣẹ́ náà bá mú wá. Orúkọ Wallace wà lára ẹ̀yà mélòó kan títí di òní, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba sẹ́ǹtì kò lórúkọ nínú ìwé náà.

Ní òpin ọdún 1855, ó tan fìtílà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan lórí òkè Peninjau láti fi mú àfòpiná, kòkòrò tí Yorùbá ti sọ ìwà rẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀. Òru 26 mú 1,386 wá, ṣùgbọ́n òru mẹ́rin tí òjò rọ̀, tí òkùnkùn sì ṣú biribiri, ni ó mú èyí tó lé ní 800 wá nínú wọn.

Orí igi ni Wallace kò lè dé, àfi bí igi bá wó. Ní àwọn ọdún 1980, Nigel Stork, onímọ̀ kòkòrò, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ oògùn apakòkòrò di kùrukùru, wọ́n sì fín in sí orí igi mẹ́wàá ní Brunei, ní erékùṣù Borneo kan náà, kí òkú kòkòrò lè já bọ́ sínú ohun tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀yà kòkòrò eléèpo 859 ni ó já bọ́, èyí tó lé ní ìdajì wọn ni ó sì jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí ló yẹ kí ó ba ẹni tó ń kà lẹ́rù jù, nítorí pé bí ẹ̀yà bá ń jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan báyìí, igi kọkànlá yóò tún mú àwọn tí a kò rí rí wá. Ní ọdún 1982, onímọ̀ kòkòrò mìíràn, Terry Erwin, ti fi irú oògùn yìí lórí ẹ̀yà igi kan ṣoṣo ní Panama ṣe ìṣirò pé ẹ̀yà kòkòrò àti àwọn ìbátan wọn lè tó mílíọ̀nù 30 ní ilẹ̀ olóoru nìkan.

Ní ọdún 1985, Royal Entomological Society ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Sulawesi, erékùṣù tó wà ní ìlà-oòrùn Borneo, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní Project Wallace. Lára ohun tí wọ́n kó ni ìran kòkòrò ẹlẹ́nu-abẹ́rẹ́, àwọn tí ń fa oje tàbí ẹ̀jẹ̀ mu bí ìdun ti ń ṣe, Ian Hodkinson àti David Casson sì ka ẹ̀yà 1,690 nínú wọn, tí ìdá 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún kò tí ì ní orúkọ. Láti ara èyí ni wọ́n ti ṣe ìṣirò ní ọdún 1991 pé ẹ̀yà kòkòrò gbogbo ayé wà láàárín mílíọ̀nù 1.84 sí 2.57, iye tó kéré jọjọ sí ti Erwin. Ọgbà igbó Dumoga-Bone tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ náà kì í ṣe èyí tí a dá sí nítorí kòkòrò: ìjọba Indonesia dáàbò bo igbó náà kí orísun omi tí ń ṣàn lọ sí oko ìrẹsì àfonífojì Dumoga má baà gbẹ.