Ìlànà Ìdáàbòbò Nínú Káráàtì Okinawa àti Wíwọ̀ Rẹ̀ Sí Ilé-Ẹ̀kọ́

Ìfáárà
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka káráàtì sí fífi ẹ̀ṣẹ́ lu ènìyàn àti fífi ẹsẹ̀ gbá a, ṣùgbọ́n ìdáàbòbò ara ẹni ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó wo ìlànà ìdáàbòbò náà àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó wọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ìtumọ̀ uke
Okinawa ni káráàtì ti ṣẹ̀, ní ilẹ̀ ọba Ryukyu tí Jàpáánì gbà pátápátá ní 1879. Uke ni wọ́n ń pe ìdènà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí 'gbà' ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹni tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ kì í dúró gbagidi bí ògiri: yóò yí ìbàdí, yóò sì fi apá darí ẹ̀ṣẹ́ náà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Age-uke wà fún orí, soto-uke fún àyà, gedan-barai sì ń gbá ohun tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ dànù. Bí ọwọ́ kan bá ń dènà, ìkejì yóò padà sí ìbàdí.

Káráàtì nínú kíláàsì
Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, Itosu Anko mú káráàtì wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Okinawa. Ó ṣètò kata Pinan márùn-ún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Uke ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1908, ó dábàá pé kí wọ́n kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kí àwọn olùkọ́ náà lè gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Funakoshi Gichin, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, gbé e dé Tokyo ní 1922. Ó ń kọ́ni pé oníkáráàtì kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ ìjà.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan sọnù. Nígbà tí àwọn ọmọ tò sórí ìlà, tí wọ́n ń tẹ̀lé àṣẹ, ọwọ́ tó ń padà sí ìbàdí di ọwọ́ òfìfo. Nínú ìlò ti àtijọ́, ọwọ́ yẹn lè di apá alátakò mú, kí ó sì fà á.

Àgbálọgbábọ̀
Àwọn olùkọ́ ló tan káráàtì kálẹ̀. Ọwọ́ wọn náà ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti dín kù. Àbá wa ni pé bí a bá ń mú eré ìbílẹ̀ wọ kíláàsì, kí a kọ́ olùkọ́ ní ìdí ìṣe kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìṣe nìkan.