Ọpọ́n Tuntun fún Eré Àtijọ́

Ọmọdé tí kò rí ọpọ́n ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ pa ayò tì. Yóò gbẹ́ ihò 12 sílẹ̀, yóò kó ọmọ ayò 48 sí i ní mẹ́rin-mẹ́rin, òfin ayò kò sì ní yí padà. Eré inú ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ṣe fún PlayStation 3, ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ Sony gbé jáde ní 2006, kò gbọ́ èdè ẹ̀rọ mìíràn. Bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́ tán, eré rẹ̀ fẹ́ bá a lọ.

Ní 2011, ọdún tí Ìjọba Àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lókè òkun lórí RPCS3, ètò tí ń mú kọ̀ǹpútà sín PlayStation 3 jẹ. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni: àṣẹ tí eré ń pa fún ẹ̀rọ àtijọ́ ni ó ń túmọ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ògbufọ̀ a sì máa ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Nítorí náà ni a fi ń dán eré kọ̀ọ̀kan wò, tí a sì ń pín wọn sí ìpele 5: èyí tí kò ṣí rárá, èyí tí ó ṣí, tí kò fi àwòrán hàn, èyí tí kò kọjá ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ó wọ inú eré, tí kò ṣeé ṣe dé òpin, àti èyí tí a lè ṣe parí.

Ìyára pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀rí. Eré tí ó yẹ kí ó fi àwòrán 30 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó wá ń fi 10 hàn, ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì yè. Ìgbà tí òfin, ohùn àti ìyára bá pé ni eré rí ọpọ́n tuntun.