Ǹjẹ́ Ọgbọ́n Orí Nìkan Lè Mú Ènìyàn Mọ Ọlọ́run? Ìtàn Ibn Tufayl àti Ìwé Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá wà tí kò ní àgbà kankan tí yóò yá a lọ́gbọ́n ńkọ́? Tí kò gbọ́ èdè, tí kò rí ìwé, tí àlùfáà tàbí ààfáà kan kò wàásù fún un rí? Ǹjẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè mọ̀ pé Ẹlẹ́dàá ń bẹ? Ìbéèrè yìí ni ọ̀mọ̀wé kan gbé ka iwájú ní ọ̀rúndún kejìlá, òun ni mo sì fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò.

Abu Bakr Ibn Tufayl ni orúkọ ọ̀mọ̀wé náà. Ìlú Guadix, tí kò jìnnà sí Granada ní ilẹ̀ Sípéènì, ni wọ́n ti bí i. Oníṣègùn ààfin ni fún Abu Yaqub Yusuf, ọba àwọn Almohad, tí ó jọba láti 1163 sí 1184, tí àṣẹ rẹ̀ sì múlẹ̀ ní Mòrókò àti ní gúúsù Sípéènì. Ìjọba àwọn Almohad kì í ṣe èyí tí a lè fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeré lábẹ́ rẹ̀, nítorí lórí ìwàásù àtúnṣe ẹ̀sìn ni wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàfin tí ó fi bí ìgbà náà ti rí hàn. Ní nǹkan bí 1169, Ibn Tufayl mú Ibn Rushd, adájọ́ àti ọ̀mọ̀wé láti Córdoba, lọ kí ọba. Ọba bi í léèrè pé kí ni àwọn onímọ̀ ọgbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì gbà nípa ojú ọ̀run: ṣé kò ní ìbẹ̀rẹ̀ ni, àbí a dá a ni? Ẹ̀rù ba Ibn Rushd. Ó ní òun kò kọ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí ọba kọjú sí Ibn Tufayl, tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí Aristotle àti Plato wí, àti èsì tí àwọn Mùsùlùmí fún wọn, ni ọkàn àlejò tó balẹ̀, tí ó sì la ẹnu rẹ̀. Owó, aṣọ oyè àti ẹṣin ni ó gbà lọ sílé. Ẹ má ṣe pe ọkùnrin náà ní ojo o. Ó mọ ìlú tí ó ń gbé ni.

Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Ibn Tufayl ti kọ ìwé rẹ̀, Hayy ibn Yaqzan. Bí a bá tú orúkọ náà sí èdè wa, yóò di Alààyè ọmọ Ẹni-tí-ó-jí. Ní erékùṣù kan tí ènìyàn kò gbé, abo àgbọ̀nrín kan rí ọmọ ọwọ́, ó sì fún un lọ́mú. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méje, àgbọ̀nrín kú. Ọmọ pè é, kò dáhùn. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo etí rẹ̀, kò rí àbùkù kankan. Ó wá rò ó pé ohun tí ó bàjẹ́ ní láti wà nínú, pé bí òun bá mú un kúrò, ìyá òun yóò dìde. Ó fi òkúta mímú àti èèpá esùsú la àyà ìyá rẹ̀, títí ó fi kan ọkàn. Ìyẹ̀wù méjì ni ó bá níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ dídì kún ti ọ̀tún, ti òsì ṣófo. Ìyẹ̀wù òfìfo yẹn ni ó mú un gbà pé ohun tí ó ti gbé ibẹ̀, tí ó sì ti jáde lọ, ni ìyá òun gan-an, pé ara tí ó kù kò ju irinṣẹ́ lọ. (Fún àwa tí à ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọkàn, pe ẹran tí ń lù nínú àyà àti ibùgbé èrò, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì.)

Kò mọ ohun tí yóò fi òkú ṣe, àfi ìgbà tí ó rí ẹyẹ ìwò kan tí ó pa èkejì rẹ̀, tí ó sì wa ilẹ̀ sin ín. Ẹni tí ó bá mọ Àlùkùránì yóò rántí àwọn ọmọ Ádámà méjèèjì lójú ẹsẹ̀, níbi tí Ọlọ́run ti rán ẹyẹ ìwò láti kọ́ apànìyàn bí a ti ń sìnkú. Ibn Tufayl yọ ẹni tí ó rán ẹyẹ náà kúrò, ó fi ẹyẹ sílẹ̀. Ní tèmi, ibí yìí gan-an ni ìtàn náà ti tú ara rẹ̀ fó: ọgbọ́n orí tí a ní kò gba ìrànlọ́wọ́, inú ìwé mímọ́ ni òǹkọ̀wé ti lọ yá a fún un.

Ọmọ náà dàgbà. Ó rí iná, ó wo ìràwọ̀, ó sì kan ìbéèrè tí ọba bi Ibn Rushd: ṣé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ àbí kò ní? Kò rí èyí tí yóò mú. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé ọ̀nà méjèèjì ń kó òun dé ọ̀dọ̀ Aṣẹ̀dá kan náà, ọjọ́ orí rẹ̀ sì jẹ́ 35 nígbà náà.

Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún kí ó tó rí ènìyàn. Absal, olùfọkànsìn kan láti erékùṣù kejì, wá síbẹ̀ láti dá nìkan gbé. Òun ni ó kọ́ ọ ní èdè. Nígbà tí Hayy gbọ́ ẹ̀sìn tí wòlíì mú wá fún àwọn ará ọ̀hún, ó gbà pé òtítọ́ ni, nítorí ó bá ohun tí òun ti rí mu. Nǹkan méjì ni kò yé e: kí ló dé tí wòlíì fi fi àkàwé bo òtítọ́, kí ló sì dé tí ó fi gba àwọn ènìyàn láàyè láti máa kó ọrọ̀ jọ, tí ó wá ń ṣe òfin lórí sàká, òwò àti ìjìyà olè?

Ó lọ bá wọn láti ṣí i payá. Bí ó bá ti kọjá ìtumọ̀ òréfèé díẹ̀, ojú wọn a fàro. Nígbà tí ó yé e pé wọn kò lè gbà á, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Salaman olórí wọn, ó ní kí wọ́n di òfin wọn mú ṣinṣin, òun àti Absal sì padà sí erékùṣù wọn. Àwọn kan ka èyí sí ìṣẹ́gun fún àwọn aláṣẹ ẹ̀sìn. N kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní kí o di òfin rẹ mú, tí òun fúnra rẹ̀ sì wọkọ̀ lọ, kò tíì gbà pé òfin náà kan òun.

Ní 1185 ni Ibn Tufayl kú ní Marrakesh, ọba tuntun, al-Mansur, sì péjú sí ìsìnkú rẹ̀. Ọba yìí kan náà ni ó lé Ibn Rushd lọ sí Lucena ní 1195, tí wọ́n sì dáná sun ìwé rẹ̀. Wọ́n pè é padà kí ó tó kú ní 1198.

Ìwé Hayy kò jóná. Ní 1671, Edward Pococke kékeré tẹ̀ ẹ́ jáde ní Oxford, pẹ̀lú ìtumọ̀ ní èdè Látìnì. Àwọn Quaker, tí wọ́n gbà pé ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run ń tàn nínú olúkúlùkù ènìyàn, yára gbá a mú. George Keith, ọ̀kan nínú wọn, tú u sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1674. Eléyìí kò dùn mọ́ Simon Ockley nínú. Àlùfáà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì gbọ́ Lárúbáwá dáadáa. Ó tú ìwé náà láti inú èdè tí a fi kọ ọ́, ó gbé e jáde ní 1708, ó wá so àfikún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ta ko èrò Ibn Tufayl pé ènìyàn lè mọ Ọlọ́run ní àmọ̀tán láìsí olùkọ́ni.